Àgbá Gáàsì Tí A Yá ní Ṣómólú

Ilé-ìwé girama kan ní Bárígà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Láàbù tí mo bá níbẹ̀ dára ju èyí tí èmi fúnra mi lò nígbà tí mo wà nílé-ìwé lọ. Tábìlì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pákó líle ni wọ́n fi ṣe wọ́n, bọ́nà kọ̀ọ̀kan sì wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bọ́nà yìí ni iná gáàsì kékeré tí a fi ń gbé nǹkan gbóná ní láàbù. Ọ̀pá irin kan ni, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òrùka irin kan sì yí ihò náà ká tí ènìyàn lè fi ṣí i tàbí kó fi dí i. Páìpù gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé kékeré kan lẹ́yìn láàbù, níbi tí àgbá gáàsì ńlá méjì dúró sí. Ọ̀kan ti gbẹ kí n tó dé. Díẹ̀ ló kù nínú èkejì.

Kò tíì pẹ́ tí àwọn ológun gbàjọba padà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Rédíò ń pariwo lójoojúmọ́ pé ká ṣọ́wó ná, pé ìlú ti gbẹ. Àwọn ènìyàn ń to ìlà nítorí mílíìkì, wọ́n ń to ìlà nítorí ìyẹ̀fun, sójà sì ń dúró tì wọ́n pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Ní ilé-ìwé wa, ṣọ́ọ̀kì máa ń tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ gáàsì.

Ọkùnrin kan ló ń tọ́jú láàbù náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ará Ìlàjẹ ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé létí omi ní Bárígà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń gbé e káàkiri Ṣómólú tà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí láàbù náà ni ọkùnrin yìí ti wà níbẹ̀. Òyìnbó kan tó jẹ́ tíṣà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ láìwo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Èmi ń pè é ní Baba, òun ń pè mí ní Tíṣà, "ẹ" ló sì máa ń lò fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹnu lásán ni Baba tí mò ń pè é. Mo máa ń rán an lọ ra búrẹ́dì. Mo rò pé ẹni tó ń fọ ìgò ni, pé èmi ni mo mọ gbogbo ohun tó ju ìgò fífọ̀ lọ ní láàbù.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo fẹ́ fi bọ́nà han àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Mo ṣí gáàsì, mo ṣáná sí i. Iná náà jó díẹ̀ lókè, ó rẹlẹ̀, lójijì ó wọnú ọ̀pá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àwọn ọmọ fà sẹ́yìn. Mo na ọwọ́ láti yí òrùka isàlẹ̀ rẹ̀ padà, láìrò pé irin náà ti gbóná. Ìka mẹ́ta ló bó. Kí n tó ké tán, Baba ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti pa gáàsì, ó sì ti ki ọwọ́ mi sínú àwo omi.

Ó rọra sọ fún mi pé, "Tíṣà, gáàsì tó bá ti ń tán, a kì í ṣí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹ máa dí i ná kí ẹ tó ṣáná sí i."

Mo mọ ìdí rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ rí nínú ìdánwò ní yunifásítì, mo sì gba máàkì. Bí gáàsì kò bá lágbára tó, tí afẹ́fẹ́ sì pọ̀ jù, iná á sá wọlé lọ bá ibi tí gáàsì ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ wà lára mi, ìtìjú sì mú mi.

"Mo mọ̀," ni mo fi dá a lóhùn, ohùn mi sì le.

Ó lọ fi aṣọ nu tábìlì.

Kí oṣù náà tó parí, gáàsì ti tán pátápátá. A dí àwọn bọ́nà pẹ̀lú ọ̀rá, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì ya iná sójú bọ́ọ̀dù. Mo ya apá búlúù, mo ya apá elésè àlùkò, mo kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baba kò ṣíwọ́ wíwá sí láàbù láago méje àárọ̀. Ó ń fi epo pa àwọn òrùka bọ́nà kí wọ́n má bàa dípẹtà, ó sì ń fọ ìgò tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Ní òpin táàmù yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé pín fọ́ọ̀mù kan fún wa. Ó ní ilé iṣẹ́ ìjọba ló fi ránṣẹ́. Kí olúkúlùkù kọ iye òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹ̀ka rẹ̀, kó sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo jókòó sí sítáàfù rúùmù, mo kọ ọ́ kíákíá kí n lè tètè relé. Níbi tí wọ́n ti béèrè nípa olùtọ́jú láàbù, mo kọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí gáàsì, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá yẹn. Mo rò pé tí wọ́n bá kà á, wọ́n á ní, "Háà, láàbù Bárígà kò ní gáàsì," wọ́n á sì gbé gáàsì wá. Mo fọwọ́ sí i, mo gbàgbé rẹ̀.

Táàmù tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà ìdánwò dé. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló máa ṣe àfọwọ́ṣe kẹ́mísírì ní kíláàsì karùn-ún. Wọ́n á fún wọn ní iyọ̀ kẹ́míkà tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á gbé e kaná nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbóòórùn ohun tó bá jáde, wọ́n á wo àwọ̀ tó bá di, wọ́n á sì fi ìyẹn mọ ohun tó jẹ́. Láìsí iná tó mọ́, kò sí ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

A kọ́kọ́ lo sítóòfù kẹrosíìnì. Èéfín rẹ̀ sọ ìgò di dúdú débi pé ènìyàn kò lè rí inú rẹ̀ mọ́, méjì sì fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ká lo àtùpà tí ń jẹ spírítì. Spírítì tí a rí ní gbogbo Bárígà kò ju ohun tó máa tó àtùpà méjì lọ. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gáàsì ní Igbóbì, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà kò dìde mọ́ kó tó dá mi lóhùn.

Ó ní, "Ántí, bí mo bá ní in, ìyàwó mi á máa fi igi dáná bí?"

Mo padà sí láàbù, mo jókòó lórí àpótí. Baba ń gbálẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ tì.

Ó ní, "Alhaja kan wà ní Ṣómólú tí ìyàwó mi ń ta ẹja fún. Ó ń tẹ̀wé. Gáàsì ló fi ń yọ́ òjé. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì ní."

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

"Ẹja ló mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jáde nílé-ìwé. Ní àdúgbò yẹn, gbogbo ilé ló ń tẹ̀wé. Bí o bá ń kọjá, wàá gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti yàrá dé yàrá, òórùn íǹkì á sì tẹ̀ lé ọ títí wọ títì. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyá tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ra ẹ̀rọ náà. Òun náà ti kọ́ bí wọ́n ti ń lò ó, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó tì í. Ìkòkò irin kan wà lára ẹ̀rọ náà tí òjé ń yọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ti yọ́ tán, ẹ̀rọ á dà á sínú ojú lẹ́tà, á sì yọ ìlà ọ̀rọ̀ kan jáde, ó le, ó ń dán. Bọ́nà ńlá ló wà lábẹ́ ìkòkò náà.

Nígbà tí a dé, inú rẹ̀ kò dùn. Ó nawọ́ ìlà mẹ́ta tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí wa. Àwọn lẹ́tà náà kán lẹ́nu, òmíràn kò ní orí.

Ó ní, "Ẹ wo ohun tí mò ń rí láti àná. Gáàsì ìsinsìnyí, wọ́n ti po omi mọ́ ọn. Kò lè yọ́ òjé mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ìkòkò. Iná náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gùn, ó ń mì, ó sì ti fi èéfín kun ìdí ìkòkò ní dúdú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe gáàsì ló bàjẹ́.

Mo ní, "Alhaja, afẹ́fẹ́ ni kò wọlé. Ihò afẹ́fẹ́ bọ́nà yín ló dí. Ìdí nìyẹn tí iná fi pọ́n. Iná pípọ́n kò gbóná tó búlúù, ó sì ń jẹ gáàsì dànù."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa. Ṣí i."

Mo wo bọ́nà náà. Òrùka ni mo ń wá, n kò rí òrùka. Kò dà bí ti láàbù rárá. Gbogbo ara rẹ̀ ni irin àti skúrù, eruku òjé sì bò ó. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti ọwọ́ bọ̀.

Baba ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí Alhaja pa gáàsì kó sì jẹ́ kí irin tutù. A dúró fún bí ìdajì wákàtí, Alhaja fún wa ní omi. Lẹ́yìn náà ni Baba dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó béèrè skúrù-dráífà, ó tú ọ̀pá bọ́nà kúrò, ó sì gbọn eruku òjé jáde nínú rẹ̀ sórí bébà. Ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi gún ihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà jáde.

Ó sọ fún mi láti abẹ́ ẹ̀rọ pé, "A kì í fi abẹ́rẹ́ gún un. Abẹ́rẹ́ á mú kí ihò náà fẹ̀."

Ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Nígbà tó dà á padà tí Alhaja sì ṣáná sí i, iná náà jókòó ṣinṣin sábẹ́ ìkòkò, ó kúrú, ó sì búlúù. Kò pẹ́ tí òjé fi ń mì bí omi. Ìlà àkọ́kọ́ tó jáde, Alhaja gbé e súnmọ́ ojú, ó fi èékánná tọ́ lẹ́tà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Alihamudulilaahi."

Ìgbà yẹn la tó sọ ohun tí a bá wá. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ìwé àdúrà kan wà lọ́wọ́ òun tí òun gbọ́dọ̀ parí kí Jímọ̀ọ̀ tó dé, Ọjọ́rú sì ni ìdánwò wa. Àgbá kan ṣoṣo ló ní, kò sì mọ ìgbà tí òun á tún rí òmíràn.

Ó ní, "Ọjọ́ kan péré. Ẹ wá gbé e láàárọ̀ Ọjọ́rú, kó padà wá kí n tó kírun Alásárì." Ó nàka sí Baba. "Òun ni kó máa fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ìwọ o, Tíṣà. Ìwọ sọ ọ́ dáadáa, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, a háyà ọmọlanke, a fi okùn de àgbá náà mọ́ ọn lóròó, olómọlanke ń tì í, èmi àti Baba ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oríta kan kí a tó wọ Bárígà, sójà méjì dá wa dúró. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ohun tí ìlú ń wá, afurasí ni. Èyí tó kéré nínú wọn fi ẹsẹ̀ ta àgbá.

"Who get this gas? You dey hide am sell, abi?"

Baba ní, "Rárá, ọ̀gá. Ilé-ìwé ni."

"Kneel down!"

Baba kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Kò bẹ̀bẹ̀, kò bínú. Ó kàn fi ọwọ́ kan di àgbá mú kó má bàa fì. Olómọlanke náà kúnlẹ̀. Èmi nìkan ni wọn kò sọ fún pé kí n kúnlẹ̀. Lẹ́tà ìdánwò wà nínú báàgì mi, mo sì da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì sílẹ̀ kí n tó rí i. Èyí tó dàgbà nínú wọn ló gba lẹ́tà náà. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀.

Ó bi mí ní Yorùbá pé, "Aago mélòó ni ìdánwò?"

"Aago mẹ́sàn-án, sà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ máa lọ."

A rìn dé ilé-ìwé. Baba kò gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀. Títí ìdánwò fi parí lọ́jọ́ náà ni àmì pupa méjì wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

Ó so àgbá náà mọ́ páìpù láàbù. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kun gbogbo ojú ìsopọ̀, ó ń wò bóyá yóò hó. Ọ̀kan hó. Ó tú u, ó tún un so, ó tún fi ọṣẹ kùn ún. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí n ṣáná. Mo dí ihò afẹ́fẹ́ ná, mo ṣáná, mo sì rọra ṣí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bọ́nà mẹ́jọ máa jó pa pọ̀ ní láàbù náà láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ ṣe tiwọn láìsí wàhálà. Àwọn mẹ́jọ kejì wọlé nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá. Wọn kò tíì ṣe dé ìdajì tí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lórí gbogbo tábìlì. Ọmọbìnrin kan gbójú sókè wò mí. Tíṣà tó wá láti ilé-ìwé mìíràn láti ṣọ́ wọn náà wò mí. Mo sáré jáde lọ sẹ́yìn láàbù. Baba ti wà níbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá.

Mo ní, "Ó ti tán, Baba. Ó ti tán."

"Kò tán. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ara àgbá náà tutù bí omi kànga, ó sì ń làágùn. Ó ní gáàsì tó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀, bọ́nà mẹ́jọ sì ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, òtútù ló mú un. Òótọ́ ló sọ. Omi ni gáàsì nínú àgbá, ooru ara àgbá ló ń lò láti fi dìde. Bí ooru bá tán, kò ní lè dìde mọ́. Mo mọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ohun tó wà lórí mi ni pé mo ti pa ọmọ mẹ́jọ lára.

Baba lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ, ó tọrọ omi gbígbóná. Ó dà á sínú bàsíà ńlá, ó bu omi tútù là á títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. A gbé àgbá náà sínú rẹ̀. Mo bi í bóyá kí á kúkú lo omi gbígbóná kó lè yá.

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó bú gbàmù ni? Lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó."

Nígbà tí mo padà wọlé, iná ti ń gòkè. Ọmọbìnrin yẹn ti tẹrí mọ́ ìgò rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ òórùn sí imú bí mo ti kọ́ ọ. Wọ́n parí ní àsìkò. Àgbá Alhaja sì ti dé Ṣómólú kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó mì í, ó ní, "Ó ṣì kù." Ó ní òun kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa, àfi kí Baba máa wá wo bọ́nà òun lóṣooṣù. Baba gbà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àkọsílẹ̀ àwọn tí ìjọba fẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ fi dé. Gbogbo ìlú ló ń bẹ̀rù àkọsílẹ̀ yẹn, kò sí ọ́fíìsì tí kò wọ̀. Ní ilé-ìwé wa, ènìyàn mẹ́rin ni. Ọ̀gá ilé-ìwé fún Baba ní lẹ́tà rẹ̀ nínú àpòòwé. Ó mú un wá sí láàbù kí n bá a kà á, nítorí pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Mo kà á fún un. Lẹ́tà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n dá a dúró nítorí pé iṣẹ́ kò pọ̀ ní ẹ̀ka rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ta ló sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ò pọ̀?"

Mo lè parọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Mo ní, "Èmi ni, Baba. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Mo rò pé tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé gáàsì wá."

Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a.

"Ìwọ ni," ló wí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-ìwé yẹn, kò pè mí ní "ìwọ" rí. "O lè bi mí. Kí o tó kọ ọ́, o lè bi mí."

Ó to àwọn ìgò tó ń fọ̀ sórí pẹpẹ, ó pa omi, ó gbé ẹ̀wù rẹ̀, ó sì lọ.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn mìíràn tó wá bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé kan ní ẹni tó bá ti wà nínú àkọsílẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ sí ilé Baba létí omi. Ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja, ó fún mi ní àpótí àti omi. Mo sọ pé Baba ni mo wá rí. Láti inú yàrá, níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ kedere, Baba ní, "Sọ fún un pé mo ti jáde." Ìyàwó rẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ó ní òun ti jáde." Mo dúpẹ́, mo sì lọ sílé.

Èmi nìkan ló kù ní láàbù. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé-ìwé rí àgbá gáàsì kékeré kan gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí. Mo so ó mọ́ páìpù. Bọ́nà mẹ́ta jó dáadáa, márùn-ún ń pọ́n. Mo tú ọ̀kan, mi ò lè dà á padà.

Mo lọ sí Ṣómólú láàárọ̀ Sátidé kan. Mo mọ̀ pé màá bá Baba níbẹ̀, nítorí Alhaja ti gbà á síṣẹ́. Òun ló ń ṣọ́ ìkòkò òjé báyìí, àwọn atẹ̀wé mìíràn ní àdúgbò náà sì ti ń pè é wá wo tiwọn. Ilé búrẹ́dì kan ní Abúlé Òkúta tí ń fi gáàsì dáná ààrò rẹ̀ ti pè é. Alágbẹ̀dẹ góòlù kan ti pè é. Ìgbà tí gáàsì wọ́n ni ìgbà tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí èyí tí wọ́n ní ṣòfò, ẹni tó lè mú iná pípọ́n di búlúù sì di ẹni tí wọ́n ń wá.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn. Alhaja wò wá láti ìdí ẹ̀rọ.

Mo ní, "Baba, mo wá kọ́ bọ́nà ni."

"Ṣé yunifásítì ò kọ́ ọ?"

"Wọ́n kọ́ mi ní ìdí tó fi ń jó. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ti ń tú u."

Ó fa bọ́nà kan jáde látinú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, bọ́nà àtijọ́ kan tó ti dípẹtà, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú skúrù-dráífà.

"Tú u."

Mo tú u. Mo dà á padà ní òdì. Ó nàka sí i pé kí n tún un tú. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó jókòó tì mí, ó gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi apá tí ojú ihò gbọ́dọ̀ máa wò hàn mí. Sátidé mẹ́fà ni mo lọ bẹ́ẹ̀. A kò tún sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí, mi ò sì bi í. Àwọn bọ́nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà ní láàbù jó búlúù ní ìdánwò ọdún kejì, ọwọ́ mi ni mo fi tún wọn ṣe.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí kì í lo òjé gba Ṣómólú kan. Àwọn ọmọ Alhaja ta ẹ̀rọ bàbá wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, àwọn kan fi hámà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó lè gba ẹnu ọ̀nà. Baba gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Abúlé Òkúta, ó ń tún sítóòfù gáàsì ṣe. Èmi, wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn lápá kejì Èkó.

Ìgbà tí mo rí Baba kẹ́yìn, mo wá kí ẹnìkan ní àdúgbò náà ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà kan dúró síwájú rẹ̀ tó fẹ́ kó fi rọ́bà tí a fi ń fa omi so gáàsì fún òun nítorí pé kò wọ́n. Baba ń sọ fún un pé òun kò ní ṣe é, kó gbé sítóòfù rẹ̀ máa lọ. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ nàka sí àpótí kan pé kí n jókòó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọkùnrin náà.